Ìwọ̀n Ìwúkàrà Tí Bíà Líle Ń Fẹ́

Bíà líle, lẹ́nu àwọn tó ń pọn ọtí nílé, ni bíà tí álíkóhọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Barley wine àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà nínú agbo yìí, imperial stout wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni tripel àti quadrupel àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù. Foreign Extra Stout tí Guinness ń tà ní Nàìjíríà, tó jẹ́ ìdá 7.5, dúró sí ẹnu ọ̀nà agbo náà. Ọkà tó ń lọ sínú bíà líle kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bíà yòókù. Ṣúgà ló pọ̀ nínú omi tí wọ́n fún lára ọkà náà, ó sì pọ̀ débi pé ìwúkàrà tó máa ń parí bíà fẹ́ẹ́rẹ́ láìsí wàhálà lè dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bíà fẹ́ẹ́rẹ́ a máa fara da ìwúkàrà tí kò tó. Bíà líle kì í fara dà á: ọtí náà á dákẹ́ nígbà tí ṣúgà rẹpẹtẹ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí kí ó parí iṣẹ́ ṣùgbọ́n kí ó máa jó ọ̀fun, kí ó sì máa rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ lára èékánná.

Ìwúkàrà, tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì, jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Irú méjì ló ṣe kókó fún bíà. Saccharomyces cerevisiae ni ti ale, tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní nǹkan bí ìwọ̀n 18 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Saccharomyces pastorianus ni ti lager, tó fẹ́ràn òtútù, tí wọ́n sì máa ń lò ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí 13. Apọntí fúnra rẹ̀ kì í ṣe álíkóhọ́ọ̀lù kankan. Yóò ra ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì ti gbẹ, ìyẹn mọ́ọ̀tì. Yóò lọ̀ ọ́, yóò rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n 65 títí sítáàṣì inú rẹ̀ yóò fi di ṣúgà. Omi dídùn tó bá fún jáde ni omi ọkà. Yóò fi họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú ọtí korò, sè é, yóò mú un tutù, lẹ́yìn náà ni yóò da ìwúkàrà sí i. Láti ìgbà yẹn lọ, ọwọ́ ìwúkàrà ni iṣẹ́ wà: á máa jẹ ṣúgà, á máa yọ álíkóhọ́ọ̀lù àti gáàsì jáde, ọtí á sì máa hó.

Haidirómítà ni wọ́n fi ń wọn bí omi ọkà ṣe ki tó. Omi lásán jẹ́ 1.000. Omi ọkà bíà ojoojúmọ́ máa ń wà ní 1.045 tàbí 1.050; ti bíà líle sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.080, ó sì lè kọjá 1.110. Àwọn iléeṣẹ́ ọtí fẹ́ràn òṣùwọ̀n Plato jù, èyí tó ń sọ iye gíráàmù ṣúgà tó wà nínú 100 gíráàmù omi ọkà. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 1.050 jẹ́ nǹkan bí 12.4, 1.100 sì jẹ́ nǹkan bí 24. Bí omi ọkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.100 bá sọ̀ kalẹ̀ dé 1.025, álíkóhọ́ọ̀lù inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú 100.

Ìyà mẹ́ta ló ń jẹ ìwúkàrà nínú omi ọkà tó ki báyìí. Èkíní ni ṣúgà fúnra rẹ̀: bó bá ti pọ̀ jù, yóò máa fa omi jáde lára sẹ́ẹ̀lì, agbára tí sẹ́ẹ̀lì ì bá fi bímọ ni yóò sì fi máa gba ara rẹ̀ là. Èkejì ni ọ́síjìn, nítorí bí omi ọkà bá ṣe ń ki sí i ni ọ́síjìn tó lè yọ́ sínú rẹ̀ ń dín kù. Ẹ̀kẹta kì í tètè dé. Ìparí iṣẹ́ ló máa ń yọjú, nígbà tí álíkóhọ́ọ̀lù tí ìwúkàrà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, tí awọ ara sẹ́ẹ̀lì ń jò, tí ṣúgà tó kù kò sì rọrùn láti gbé wọlé mọ́.

Awọ ara sẹ́ẹ̀lì yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ohun ọlọ́ràá kan tí wọ́n ń pè ní sterol ló ń mú kí ó le kí ó sì rọ̀ bó ṣe yẹ, ọ́síjìn ni ìwúkàrà sì fi ń ṣe é. Nígbà tí ọtí bá ti ń hó, ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀. Sterol tí sẹ́ẹ̀lì kó jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pín. Bí ìyá kan bá bí ọmọ kan, wọ́n pín in sí méjì. Bí àwọn méjèèjì bá tún bímọ, ó di ọ̀nà mẹ́rin. Nígbà tó bá kéré jù, ìbímọ á dúró. Nítorí náà, bí ìwúkàrà tí wọ́n dà sí ọtí bá kéré, ìran púpọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá kí iye wọn tó tó iṣẹ́, ìran tó kẹ́yìn ni ara wọn yóò sì gbẹ jù lọ. Àwọn aláìlókun yìí gan-an ló sì máa bá álíkóhọ́ọ̀lù pàdé. Ìdí rèé tí kíka iye sẹ́ẹ̀lì nìkan kò fi tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè.

Àwọn apọntí àtijọ́ kò mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, síbẹ̀ wọ́n ń pọn ọtí tó le gan-an. Ìfófòó tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni wọ́n ń bù sí ti òní, wọ́n sì ń bù ú lọ́pọ̀lọpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin tó ń pọn tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin ṣe ń ṣe títí di òní: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó kọjá, tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tuntun. Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876, ó sì fi hàn níbẹ̀ bí àwọn kòkòrò mìíràn ṣe ń ba ọtí jẹ́. Ní 1883, Emil Christian Hansen yọ irú ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní iléeṣẹ́ Carlsberg ní Copenhagen. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè wọn ìwúkàrà tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó ń pọn ọtí nílé kò tètè bá wọn débẹ̀. Ọdún 1963 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ìwé àṣẹ kúrò lórí pípọn bíà nílé. Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹwàá 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gbà á láyè. Ìwúkàrà gbígbẹ inú páálí kékeré tí wọ́n ń rà nígbà náà kò ju gíráàmù mélòó kan lọ, ó sì ti lè pẹ́ lórí àtẹ. Ìgbà tí Wyeast, iléeṣẹ́ ìwúkàrà, bẹ̀rẹ̀ ní Oregon ní 1986, tí White Labs sì tẹ̀ lé e ní San Diego ní 1995, ni ìwúkàrà olómi tí iléeṣẹ́ ń lò dé ọwọ́ aráàlú. Ìbéèrè nípa iye tó yẹ kí wọ́n dà sí i sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò wá láti iléeṣẹ́ ńlá. Níbẹ̀, àṣà àtọjọ́mọ́jọ́ ni pé kí wọ́n da mílíọ̀nù 1 sẹ́ẹ̀lì sí mìlílítà kọ̀ọ̀kan fún Plato kọ̀ọ̀kan. George Fix, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé púpọ̀ fún àwọn apọntí inú ilé, fi 0.75 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ale àti 1.5 mílíọ̀nù fún lager, iye méjèèjì yìí ló sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Fún bíà líle, àwọn mìíràn máa ń gbé ti ale padà sí mílíọ̀nù 1.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò lórí 20 lítà, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù nílé. Bíà 1.050 yóò gba 0.75 mílíọ̀nù lọ́nà 20,000 mìlílítà lọ́nà 12.4, ìyẹn bílíọ̀nù 186 sẹ́ẹ̀lì. Barley wine 1.100 yóò gba bílíọ̀nù 360 lórí ìṣirò kan náà. Bí wọ́n bá lo mílíọ̀nù 1, ó di bílíọ̀nù 480. Lager tó le tó bẹ́ẹ̀ yóò béèrè bílíọ̀nù 720. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ páálí ìwúkàrà olómi kò ní ju nǹkan bí bílíọ̀nù 100 lọ lọ́jọ́ tó jáde ní iléeṣẹ́.

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba ìṣirò yìí wọlé bẹ́ẹ̀. Wyeast fúnra rẹ̀ sọ pé mílíọ̀nù 6 sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà tó fún ale tí kò ki ju 1.060 lọ, nígbà tí ìṣirò Fix yóò béèrè tó mílíọ̀nù 11 fún ọtí 1.060 kan náà. Ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó rí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí iléeṣẹ́ ńlá ń lò léraléra ni àṣà mílíọ̀nù 1 ti jáde wá, òkú sẹ́ẹ̀lì àti àwọn tó ti rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìwúkàrà tuntun tí wọ́n tọ́ pẹ̀lú ọ́síjìn tó pọ̀ kún fún sterol, ó sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú iye tó kéré sí i. Fún bíà fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ Wyeast tọ̀nà, ọ̀pọ̀ apọntí ló sì ń dààmú ara rẹ̀ lásán lórí ọtí 1.045. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá ti kọjá 1.080, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì á dín kù, nítorí Wyeast náà gbé iye tirẹ̀ sókè gan-an níbẹ̀. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n mú bílíọ̀nù 360 gẹ́gẹ́ bí ìsàlẹ̀ fún 20 lítà 1.100, kí wọ́n má sì wá bí wọn yóò ṣe dín in kù.

Ibo ni sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò ti wá? Ọ̀nà tó yá jù ni ìwúkàrà gbígbẹ. Páálí gíráàmù 11 tàbí 11.5 ló wọ́pọ̀. Iye tó wà nínú rẹ̀ ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fermentis, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwúkàrà gbígbẹ, kọ ọ́ sórí ìwé ọjà rẹ̀ pé sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nínú gíráàmù kan kò ní dín ní bílíọ̀nù 6, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìṣirò kan ń ka bílíọ̀nù 20. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ lé iye kìíní, barley wine yẹn yóò gba gíráàmù 60, ìyẹn páálí márùn-ún àti díẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé ìkejì, gíráàmù 18 tó. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù 6 jẹ́ ẹ̀rí tí iléeṣẹ́ ń jẹ́ nígbà náà pé kò ní sí ní ìsàlẹ̀ ìyẹn títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí yóò fi pé; ìwúkàrà tuntun sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dá gíráàmù 50 sí 80 fún 100 lítà ale, èyí tó jẹ́ gíráàmù 10 sí 16 fún 20 lítà, kì í sì í ṣe ọtí tó le jù ló ní lọ́kàn. Páálí méjì fún 1.090 sí 1.110 bójú mu, mẹ́ta bó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, sterol sì ti wà lára rẹ̀ láti iléeṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣe é kò fẹnu kò lórí bóyá kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi kí wọ́n tó dà á sí ọtí. Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn gbogbo wọn ni pé kí wọ́n wọ́n ọn sínú omi tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀, ní ìwọ̀n 35 sí 40, fún ìṣẹ́jú 15, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu omi kò tíì lè yan ohun tó ń wọlé sí i lára. Lónìí, àwọn iléeṣẹ́ kan sọ pé kí wọ́n wọ́n ọn lé omi ọkà lórí tààrà. Fún bíà fẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ìyàtọ̀ tí ahọ́n lè mọ̀. Fún 1.100, ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ kò tíì dì. Kí wọ́n rẹ ẹ́.

Ìwúkàrà olómi ní oríṣiríṣi tó pọ̀ ju ti gbígbẹ lọ, ṣùgbọ́n ó ń kú kíákíá. Ẹ̀rọ ìṣirò tí Jamil Zainasheff, apọntí inú ilé ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ka á sí pé nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 ń lọ lóṣù kan nínú fíríìjì. Páálí olóṣù mẹ́ta, nígbà náà, kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 49 lọ. Ìṣirò yìí le díẹ̀, ó sì máa ń pa sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ju iye tó kú gan-an lọ, àmọ́ bó ṣe tọ́ka sí ọ̀nà náà tọ̀nà.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe àkọ́pọn: ọtí kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ pọn kí ìwúkàrà lè pọ̀ sí i. Ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì gíráàmù 100 sí lítà omi kan yóò fúnni ní nǹkan bí 1.037. Wọ́n á sè é fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ́n á mú un tutù, wọ́n á da ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì fi sílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 22 fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n máa mì ín lóòrèkóòrè tàbí kí wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì tó ń rò ó. Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí àkọ́pọn náà ki bíi bíà líle, kí ìwúkàrà lè mọ́ra. Àṣìṣe ni. Àkọ́pọn wà fún ìbímọ, ìyà kò sì ran ìbímọ lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni bí àkọ́pọn kì í ṣe pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò. Nínú ìwé Yeast tí Chris White, ẹni tó dá White Labs sílẹ̀, àti Zainasheff jọ kọ ní 2010, bílíọ̀nù 100 tí wọ́n dà sí lítà 1 di nǹkan bí bílíọ̀nù 152; nínú lítà 2 ó di 205; nínú lítà 4 ó di 276. Omi di ìlọ́po mẹ́rin, ìwúkàrà kò sì tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tó ń wá bílíọ̀nù 360 láti inú páálí tuntun kan yóò ṣe é ní ìgbésẹ̀ méjì: lítà 2 àkọ́kọ́, kí ó gbé e sí fíríìjì títí ìwúkàrà yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀, kí ó da ọtí òkè rẹ̀ nù, kí ó sì da omi ọkà tuntun lé e. Bó bá ra páálí méjì tó sì kó wọn sí lítà 4, yóò dé bílíọ̀nù 410 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́nà méjèèjì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dà sí ọtí. Lítà mẹ́rin ọtí àkọ́pọn tí kò dùn tí kò sì ní họ́ọ̀pù kò yẹ kó wọ inú barley wine.

Ọ̀nà kẹta ló ti pẹ́ jù, òun ló sì sàn jù lójú ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú: kí wọ́n kọ́kọ́ pọn bíà fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sì lo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ale 1.045 tí họ́ọ̀pù rẹ̀ kò pọ̀ ló dára fún èyí. Nígbà tó bá ti parí, tí wọ́n sì ti fà á sínú ìgò, ohun tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Bí wọ́n bá dà á sínú ìgò aláfọn fífẹ̀ tí wọ́n gbé e sí fíríìjì, yóò pín sí ipele mẹ́ta ní ọjọ́ kejì: ọtí tó mọ́ lókè, ní àárín, ohun funfun tó pọ́n díẹ̀, tó ki bí àkàmù, tó ń rùn bí búrẹ́dì tútù, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èérí ọkà àti họ́ọ̀pù tó dúdú díẹ̀. Ti àárín ni wọ́n fẹ́. Mìlílítà kan rẹ̀ máa ń ní láti bílíọ̀nù 1 dé 3. Bí wọ́n bá gbà á sí bílíọ̀nù 1.5, mìlílítà 240 yóò fúnni ní bílíọ̀nù 360, mìlílítà 320 yóò sì dé 480. Kí wọ́n lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n ṣe àkọ́pọn kékeré láti jí i.

Àwọn mìíràn ń da barley wine tuntun lé gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lórí nínú ìkòkò kan náà, láì bù ú rárá. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n iye tó wà níbẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí ọtí náà fẹ́, èérí bíà àná sì wà nínú rẹ̀. Ìfófòó á gba ẹnu ìkòkò jáde lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ooru iṣẹ́ wọn á sì gbé ọtí kúrò ní ìwọ̀n 18 kọjá 25 kí ilẹ̀ tó mọ́ bí kò bá sí ohun tó ń tù ú.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú ìfojúdíwọ̀n lè fi maikirosíkóòpù kà á. Àwo dígí kan wà tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn láti ka ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fín onígun mẹ́rin kéékèèké 25 sí àárín rẹ̀. Wọ́n á po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ omi ní ìlọ́po 200, wọ́n á kán aró methylene blue díẹ̀ sí i, wọ́n á kán an sórí àwo náà, wọ́n á sì ka sẹ́ẹ̀lì inú onígun márùn-ún: mẹ́rin igun àti ọ̀kan àárín. Ká ní 150 ni wọ́n rí. Wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 5 fún gbogbo àwo, lẹ́yìn náà ìlọ́po 10,000, nítorí ohun tí àwo náà gbà jẹ́ ìdá kan nínú 10,000 mìlílítà, lẹ́yìn náà ìlọ́po 200 fún omi tí wọ́n fi pò ó. Ó di bílíọ̀nù 1.5 nínú mìlílítà kan. Òkú sẹ́ẹ̀lì kò lè sọ aró náà di aláìláwọ̀ bí alààyè ṣe ń ṣe, nítorí náà àwọn ló ń di aláwọ̀ búlúù. Bí 12 nínú 150 bá jẹ́ búlúù, ìdá 8 nínú 100 ti kú. Ohun tí aró kò lè sọ ni bí àwọn alààyè ṣe lókun tó; sẹ́ẹ̀lì tí ebi ti pa fún oṣù méjì á ṣì hàn funfun bí ẹni tára rẹ̀ le.

Ọ́síjìn ló kàn, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀. Omi ọkà bíà líle fẹ́ tó ìwọ̀n 10 nínú mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lásán kò lè gbé e kọjá nǹkan bí 8. Nínú ìdánwò tó wà nínú ìwé Yeast, mímì ìkòkò fún ìṣẹ́jú 5 kò mú ju 2.7 wọlé, ọ́síjìn gidi láti inú sílíńdà, ní lítà kan ní ìṣẹ́jú kan, mú 9.2 wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì lé ní 14 ní ìṣẹ́jú méjì. Fún ọtí tó kọjá 1.090, wọ́n tún máa ń fún un ní ẹ̀kejì láàárín wákàtí 12 sí 18 lẹ́yìn tí ìwúkàrà wọlé, nígbà tí ìbímọ ṣì ń lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́síjìn á di ọ̀tá, á sì sọ ọtí náà di ohun tó ń rùn bí páálí tó tutù. Ìwúkàrà gbígbẹ nìkan ló lè yọ ara rẹ̀ nínú gbogbo èyí, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Oúnjẹ tó ń fún ìwúkàrà lókun, pàápàá zinc, kì í gba ju ìdajì ṣíbí tíì lọ, wọ́n sì máa ń dà á sí i nígbà tí sísè bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣúgà funfun tí àwọn ará Bẹ́líjíọ̀mù ń fi sínú tripel kò ní oúnjẹ yìí nínú rárá. Bó bá pọ̀, ó sàn kí wọ́n dà á sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà mọ́ọ̀tì kó tó di pé ó fojú kan èyí tó rọrùn. Ní ti ooru, kí ale bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n 17 tàbí 18, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìgbà tí álíkóhọ́ọ̀lù tó ń jó ọ̀fun máa ń jáde jù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jẹ́ kó gòkè díẹ̀díẹ̀ dé 21, kí ó lè parí.

Ṣé ìwúkàrà lè pọ̀ jù? Ó lè pọ̀ jù, àmọ́ kì í ṣe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé àfi nígbà tí wọ́n bá da ọtí lé gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí kò bá sí ìbímọ tó tó, adùn bí èso tí wọ́n mọ̀ mọ́ ale á dín kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì di àgbà láìní ọmọ tí wọ́n lè fi rọ́pò. Àwọn tó ń pọn bíà alíkámà ilẹ̀ Jámánì máa ń dín ìwúkàrà kù tìfẹ́tìfẹ́ nítorí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń mú wá. Ìbáṣepọ̀ iye ìwúkàrà àti òórùn èso kò tọ́ bí ọ̀pá, nítorí àwọn onímọ̀ ti rí i pé irú ìwúkàrà, ooru àti ọ́síjìn lè yí i padà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nínú bíà líle, ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀: ṣúgà tó ki yẹn fúnra rẹ̀ ti ń mú òórùn èso jáde ju bí ọ̀pọ̀ ẹnu ṣe fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kí ó ṣe é síhà pípọ̀.

Bí álíkóhọ́ọ̀lù bá ń sún mọ́ ìdá 14, iye nìkan kò ní gbé e dé ibẹ̀ mọ́. Hürlimann ní Zürich, iléeṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún ìmọ̀ ìwúkàrà, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Samichlaus ní 1979, lager ìdá 14 tí wọ́n ń pọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, tó sì ń gbó fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó tà á. Eggenberg ní Austria ló ń pọn ọ́n báyìí. Dogfish Head ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn fún 120 Minute IPA: díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ́ ọ ní ṣúgà lójoojúmọ́, kí ìwúkàrà má bàa bá gbogbo rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà yìí ṣeé ṣe nílé. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1.090, kí wọ́n sì máa fi ṣúgà gbé e sókè bí haidirómítà bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọtí bá dákẹ́ ní 1.040 nígbà tó yẹ kó dé 1.025, ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n já páálí ìwúkàrà gbígbẹ lé e lórí. Álíkóhọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀ á pa púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó jí. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìwúkàrà ló jẹ̀bi: kí wọ́n bu mìlílítà 200 ọtí náà sínú ìgò, kí wọ́n da ìwúkàrà púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì gbé e síbi tó gbóná tó 25. Bí ìyẹn náà bá dúró ní 1.040, ṣúgà tó kù kì í ṣe irú èyí tí ìwúkàrà lè jẹ. Ooru tí wọ́n fi rẹ ọkà ló ga jù, kò sì sí ohun tí ìwúkàrà kankan lè ṣe sí i. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ṣe àkọ́pọn lítà 1 tàbí 2, kí wọ́n sì dà á sí ọtí nígbà tó bá ń hó lọ́wọ́, pẹ̀lú ìfófòó lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé ìkòkò náà lọ sí ìwọ̀n 21 tàbí 22.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíà líle kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ọtí mìíràn; ìyà ti jẹ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jù. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ọtí tó ti gbó fún oṣù mẹ́fà lè má fófòó nínú ìgò, bí wọ́n tilẹ̀ fi ṣúgà sí i, nítorí ìwúkàrà tó kù nínú rẹ̀ kò lè dìde mọ́. Wọ́n máa ń fi ìwúkàrà tuntun kún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sí ìgò, kì í sì í pọ̀: bílíọ̀nù 20 tó fún 20 lítà, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 1 nínú mìlílítà. Gíráàmù 2 irú gbígbẹ tó lè fara da álíkóhọ́ọ̀lù, tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ti tó fún ìyẹn.